Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Ẹni Tí Kò Rojọ́ Rí Kọ́ Ló Yẹ Kó Jẹ Adájọ́ Títí Ọjọ́ Ikú

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Amẹ́ríkà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀, tí ẹ sì ń dìbò, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀la. Ààrẹ Trump ń fa orúkọ kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington, pé kí wọ́n fi àwọn èèyàn jẹ adájọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá wọlé, ó wọlé náà nìyẹn. Kò ní sáà, kò sì ní ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè náà ti wà, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ 8 péré ni ilé aṣòfin àgbà tíì yọ nípò. Ọmọ yín tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lónìí á gboyè yunifásítì, á ṣègbéyàwó, adájọ́ yẹn á ṣì wà lórí àga.

Ní Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo bí a ṣe ń kùn sí àwọn ilé ẹjọ́ wa, òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí kò bá tíì lo ọdún 10 gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò kò lè jẹ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Tó bá sì di ẹni 70 ọdún, ó di dandan kó lọ sinmi. Òfin Amẹ́ríkà ò sọ irú rẹ̀. Kò tilẹ̀ sọ pé adájọ́ gbọ́dọ̀ kàwé òfin. Ohun tó ń gba ará ìlú sílẹ̀ láti ọdún 1953 ni pé ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní ABA, máa ń wádìí ẹni tí wọ́n bá fà kalẹ̀. Wọ́n á lọ bá àwọn adájọ́ tó ti dúró níwájú wọn, wọ́n á bá àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n ti jọ fà á nílé ẹjọ́, wọ́n tún máa ń bá òun fúnra rẹ̀ jókòó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ bóyá ó kúnjú òṣùwọ̀n. Ọdún 12 lẹ́nu iṣẹ́ òfin ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Pam Bondi tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba nígbà náà kọ̀wé sí ẹgbẹ́ yìí pé ìjọba kò ní sọ fún àwọn tí wọ́n bá fà kalẹ̀ mọ́ pé kí wọ́n dá a lóhùn, tàbí kí wọ́n bá a jókòó. Àwawí wọn ni pé ẹgbẹ́ náà ń ṣègbè fún ẹgbẹ́ òṣèlú kejì. Ohun tó jẹ́ ìpayà fún mi nìyí, òun ló sì jẹ́ kí n kọ ìkìlọ̀ yìí, nítorí a ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọ́n béèrè ìbéèrè níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, èèyàn márùn-ún tí Ààrẹ Trump fà kalẹ̀ fún ipò adájọ́ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ nílé aṣòfin àgbà. Sẹ́nẹ́tọ̀ John Kennedy láti Louisiana, tí òun àti Ààrẹ Trump jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, ní kí ẹni tí kò bá rojọ́ dé ojú ìdájọ́ rí nínú wọn nawọ́. Ọwọ́ kan ló nà sókè, ọwọ́ Matthew Petersen. Kennedy bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ti rojọ́ níwájú júrì rí? Rárá. Níwájú adájọ́ nìkan ńkọ́? Rárá. Ẹjọ́ ọ̀daràn ńkọ́? Rárá. Ó wá bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní motion in limine, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ tí lọ́yà máa ń bẹ adájọ́ kí ẹjọ́ tó gbéra sọ, pé kí wọ́n má ṣe mú ẹ̀rí kan wá síwájú júrì. Lọ́yà tó ń gbẹ́jọ́ ò lè ṣe kó má mọ̀ ọ́n. Petersen ò rí i ṣàlàyé. Fídíò ìbéèrè náà tàn káàkiri, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé, ọkùnrin náà ní òun ò ṣe mọ́. Ariwo ará ìlú ló fa ìyẹn, pẹ̀lú sẹ́nẹ́tọ̀ kan tí kò ṣojúsàájú.

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi fa Sarah Pitlyk kalẹ̀ fún ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìlà-oòrùn Missouri. Ọ̀jáfáfá obìnrin ni, ó kàwé òfin ní Yale, ó sì ti bá Brett Kavanaugh ṣiṣẹ́ kí Kavanaugh tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ABA yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, gbogbo ìgbìmọ̀ wọn fẹnu kò, ẹnì kankan ò yapa, pé kò kúnjú òṣùwọ̀n. Kò tíì darí ẹjọ́ kankan rí, ìbáà ṣe ti ọ̀daràn tàbí ti aráàlú sí aráàlú. Kò bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè rí. Kò bá wọn yan júrì rí. Bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan ò bá tíì fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ rí, ọ̀gá wo ló máa ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un? Iṣẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ sì rèé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Lọ́yà á ké pé òun ta ko ìbéèrè tí wọ́n bi ẹlẹ́rìí, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ fèsì lójú ẹsẹ̀. Kò sáyè pé kó kọ́kọ́ lọ ṣí ìwé.

Kí ló wá gbé Pitlyk débẹ̀? Ọ̀rọ̀ oyún ni. Ó ti gbèjà Iowa lórí òfin tó ka oyún ṣíṣẹ́ léèwọ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ti kọ̀wé ta ko kí obìnrin máa bá ẹlòmíì gbé oyún. Nínú ẹjọ́ tọkọtaya kan tó kọ ara wọn sílẹ̀ ní Missouri, ó dúró lẹ́yìn ìhà tó ní ọmọ gidi ni ọlẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ tútù nílé ìwòsàn. Sẹ́nẹ́tọ̀ Tammy Duckworth, tó fi IVF, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń so ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ lóde ara, bí ọmọbìnrin méjèèjì tó ní, kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má gbà. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ó wọlé pẹ̀lú 49 sí 44, Susan Collins nìkan ló sì yapa nínú ẹgbẹ́ Republican.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń rò lọ́kàn: èmi onígbàgbọ́, èmi mùsùlùmí, kí ló kàn mí nínú oyún ṣíṣẹ́? Mi ò ní kí ẹ yí ìgbàgbọ́ yín padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Alabama ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dájọ́ pé ọmọ ni ọlẹ̀ inú ẹ̀rọ tútù. Kíá ni àwọn ilé ìwòsàn kan tó ń ṣe IVF dáwọ́ dúró, títí kan ti yunifásítì ìlú Birmingham, nítorí kò sí dókítà tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sílé ẹjọ́ pé òun pa ọmọ. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ni gómìnà tó fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bò wọ́n. Nínú ìjọ wa, nínú mọ́ṣáláṣí wa, àwọn àbúrò wa wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wojú Olúwa fún ọmọ. Iṣẹ́ òru ní nọ́ọ̀sì hóòmù ni wọ́n fi ń san owó IVF. Alaalẹ́ ni wọ́n ń gún ara wọn lábẹ́rẹ́ níkùn, kí ẹyin lè gbó. Ẹ ronú ìpè tó bá wọlé láàárọ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́.

Oògùn mifepristone, tí wọ́n fi ń ṣẹ́yún, náà ńkọ́? Ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 2000. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, adájọ́ kan ṣoṣo ní Amarillo ní Texas, Matthew Kacsmaryk, kọ ìdájọ́ tí ì bá fi òpin sí ìfọwọ́sí náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ó gbà wọ́n ju ọdún kan lọ kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, gbogbo wọn 9, tó ní àwọn tó pẹjọ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é. Oògùn yìí kan náà ni dókítà ń lò fún obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára tí kò sì jáde. Ní Amẹ́ríkà, bí ìlọ́po mẹ́ta ni àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú fi ń kú nítorí oyún àti ìbímọ ju àwọn funfun lọ. Àwọn ìyàwó wa ni. Ẹ ò ní fẹ́ kí ẹni tó ti pinnu kó tó gbọ́ ẹjọ́ wọn jókòó dá a.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ní sáà tuntun Ààrẹ Trump ni Whitney Hermandorfer, ní oṣù Keje ọdún 2025, pẹ̀lú 46 sí 42. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń rí sí Michigan, Ohio, Kentucky àti Tennessee ló lọ. Ọdún 2015 ló jáde nílé ìwé òfin, iṣẹ́ tó sì ti ń ṣe ní Tennessee ni pé kó máa gbèjà òfin ìpínlẹ̀ náà, títí kan òfin tó ka oyún ṣíṣẹ́ léèwọ̀. Àwọn míì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àkókò kéré. Láti ọdún 2019, tí ilé bá ti dìbò láti fòpin sí àríyànjiyàn, wákàtí méjì péré ló kù fún adájọ́ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n tó dìbò. Kó tó débẹ̀ ni ká sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sórí ìkànnì ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ nílé aṣòfin àgbà, ẹ wá ìwé ìbéèrè tí ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ kọ ìdáhùn sí. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa iye ẹjọ́ tó ti rò dé ojú ìdájọ́. Ẹ ka ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe 202-224-3121, ẹ dárúkọ ìpínlẹ̀ yín, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ ọ́fíìsì sẹ́nẹ́tọ̀ yín. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì náà lè pè. Ẹ dárúkọ ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ náà, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ kí sẹ́nẹ́tọ̀ dìbò fún un, ẹ sì sọ ìdí. Bí akọ̀wé bá ní sẹ́nẹ́tọ̀ ò tíì pinnu, ẹ tún pè lọ́jọ́ kejì.