"Ohùn Òkè" Kì í Ṣe Ariwo

Ohùn mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ nínú Yorùbá: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí "gíga ohùn" jẹ́ èdè-ìperí fún ohun tí ará ìgboro ń pè ní fólúùmù.

Ẹ wo ẹni tó ń to àwòrán Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù tẹ̀ lé ara wọn. Ó fi oríkì obìnrin Òkukù kan sí i, irú èyí tí Karin Barber gbà sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó sì fi ìlù dùndún Ìkìrun tẹ̀ lé e. Ìlù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di olùgbọ́ létí. Bí wọ́n bá ní kí ó "gbé ohùn obìnrin náà sókè", ó lè sọ ohùn àgbàlagbà di ti ọmọdé. Kò sì ní dún ketekete jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Agbára ìró" ló tọ́. Ti ìlù ni kí ó dín kù. Bí ó bá fi kún ti oríkì, ariwo atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò bá a pọ̀ sí i. Dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 6 péré a máa sọ ìgbì ìró di ìdajì. Ṣùgbọ́n kí ó má wo ṣóńṣó ìgbì nìkan: ìró ọ̀pá ìlù kì í pẹ́ kó tó rọlẹ̀, oríkì a sì máa fà gùn. Ṣóńṣó méjèèjì lè dọ́gba kí etí má gbà bẹ́ẹ̀.