Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ẹ̀rọ Awárin Yín, Ẹ Gbọ́ Tiwa

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́, Ìdáṣà àti Atakpamẹ, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Faransé àti ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká sọ, a ò sì ní fi bò.

Ẹ̀rọ awárin la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹ̀rọ tó ní awo pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, tí wọ́n ń fì sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀, tó máa ń dún bí irin, idẹ tàbí wúrà bá wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní détẹ́kítọ̀. Eré ìnàjú ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Òyìnbó, ó sì ti ń wọ àárín tiwa náà. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni ohun tí àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń ṣe fídíò lé e lórí ń sọ sí wa létí lójoojúmọ́: pé bí o kò bá tíì rí nǹkan, ẹ̀rọ rẹ ni kò dára, lọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ.

Àwa ní irọ́ ni. Bó bá jẹ́ ní ilẹ̀ Òyìnbó, irọ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni lásán ni. Bó bá dé ilẹ̀ tiwa níbí, irọ́ tó ń ba ilé baba ẹni jẹ́ ni.

Ta ló rí i, kí ló sì fi rí i?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí eré yìí ti gbilẹ̀ jù. Ní oṣù keje 2009, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Terry Herbert gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí oko olóko kan ní Staffordshire. Ohun tó bá pàdé níbẹ̀ ni àkójọ wúrà tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n tíì rí láti ayé àwọn Anglo-Saxon. Ó lé ní 3,500 ẹyọ àti àfọ́kù, wọ́n sì dá iye owó rẹ̀ lé 3,285,000 pọ́n-ùn. Òun àti olóko ló jọ pín in. Ẹ̀rọ wo ló lò? Ògbólógbòó ẹ̀rọ, tó rà ní ọjà àlòkù ní pọ́n-ùn méjì àti ààbọ̀.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1992, àgbẹ̀ kan ní Hoxne, ní Suffolk, sọ òòlù rẹ̀ nù sóko. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eric Lawes, pé kó fi ẹ̀rọ bá òun wá a. Lawes kò wá wúrà, òòlù ló ń wá. Owó wúrà àti fàdákà ayé àwọn ará Róòmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000 ẹyọ ló yọ sí i. Kí ló ṣe? Kò gbẹ́ ẹ tán. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá òòlù, ó dáwọ́ dúró, ó sì fi tó àwọn aláṣẹ létí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló wá hú ìyókù. Nítorí pé ọwọ́ kò tíì tú u ká, wọ́n rí àmì àpótí tí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì rí bí ẹni tó ni ín ṣe to ẹrù rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀bùn tí wọ́n san lórí rẹ̀ jẹ́ 1,750,000 pọ́n-ùn, Lawes sì pín nínú rẹ̀ fún àgbẹ̀ náà. Òòlù náà ńkọ́? Wọ́n rí i. British Museum ló wà títí dòní.

Nínú ìtàn méjèèjì yìí, níbo ni ẹ̀rọ olówó ńlá wà? Kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ilẹ̀ tó ní nǹkan nínú, olóko tó gbà kí wọ́n wọ oko òun, àti ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kóun dúró.

Ohun tí ẹ̀rọ tó dára ń ṣe ní tòótọ́

A ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, ẹ sì yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ náà kí ẹni tó ń tà á má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn mú yín.

Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ń rán ìgbì sínú ilẹ̀. Èyí tí kHz rẹ̀ kéré máa ń gbọ́ ohun ńlá àti fàdákà tó jìn díẹ̀. Èyí tí kHz rẹ̀ ga máa ń gbọ́ wúrà kéékèèké tí kò jìn. Àwọn tuntun kan ń lo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì dára fún ẹni tó ń rìn ní oríṣiríṣi ilẹ̀. Awo ńlá máa ń gbọ́ ohun tó jìn ju awo kékeré lọ, ṣùgbọ́n níbi tí ìṣó àti ìdérí ìgò bá ti pọ̀, á pa ohun méjì mẹ́ta pọ̀ mọ́ra bí ẹyọ kan. Nírú ibẹ̀, awo kékeré ni ọ̀gá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ fetí sí èyí. Ilẹ̀ pupa wa, ilẹ̀ yangí, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ dúdú oko Gẹ̀ẹ́sì, bó bá dé orí yangí, á máa pariwo lásán, ibi tó ń gbọ́ dé á sì dín kù. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní pulse induction. Wọn kì í bẹ̀rù yangí, wọn kì í sì í bẹ̀rù iyọ̀ etí òkun. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìṣó yàtọ̀ sí òrùka dáadáa. Ohun gbogbo ni wàá gbẹ́.

Ká tún sọ òótọ́ mìíràn tí ẹni tó ń tajà kì í sọ: ẹyọ owó kan nínú ilẹ̀, bí ẹ̀rọ ti wù kó gbówó lórí tó, ó ṣòro kó gbọ́ ọn kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Òrùka wúrà àti ẹnu agolo ọtí dídùn sì lè dún bákan náà. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó lè fi gbogbo ara yà wọ́n sọ́tọ̀ láìgbẹ́ ilẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà wo ló yẹ kéèyàn pààrọ̀ ẹ̀rọ? Ó yẹ nígbà tó bá ti mọ ohùn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ, tó sì lè sọ ní pàtó ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe. Bí ó bá kàn rò pé ilẹ̀ ń ṣahun sí òun ni, kó kọ́kọ́ ra gbohùngbohùn etí, kó pààrọ̀ awo, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀rọ bá ilẹ̀ mu, kó sì rọra rìn. Ẹni tó ń sáré fi ẹ̀rọ olówó ńlá gbálẹ̀ yóò fo ohun tí onísùúrù máa fi ẹ̀rọ àlòkù rí.

Ibi tí wọ́n gbé e sí ni

Ìtàn ẹ̀rọ yìí gan-an fi kọ́ wa. Ní 1881, wọ́n yìnbọn lu Garfield, olórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Alexander Graham Bell, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, ṣe ẹ̀rọ kan láti fi wá ọta náà nínú ara rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú olórí náà ti fi ọkàn sí i pé apá ọ̀tún ni ọta wà, kò sì jẹ́ kí Bell wá ibòmíràn. Apá òsì ni ọta wà. Ẹ̀rọ kò lè rí ohun tí kò sí níbi tí wọ́n gbé e sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ là ń wò ká tó ra ẹ̀rọ.

Ilẹ̀ tiwa kì í ṣe oko ṣíṣófo

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí. Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé àwọn fẹ́ ẹ̀rọ tó jìn sí i kí àwọn lè lọ sí ahoro, kí àwọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ odi àtijọ́, ibi tí àwọn baba wa gbé kí ogun tó tú wọn ká. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wúrà wà.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ rántí 1886. Àwọn ọmọ ogun Danxome fọ́ Kétu, wọ́n jó o, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Abomey. Ẹ̀yìn tí Faransé ṣẹ́gun Danxome ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú ṣe. Àkábà Ìdẹ̀nà, odi àti yàrà tó yí ìlú ká, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ìṣúra tí ẹnì kan sọ nù. Ilé tó jóná ni, ìkòkò tí obìnrin kan fi sílẹ̀ lórí iná ni, egungun àwọn tí kò rí ẹni sin wọn ni. Ní ilé Yorùbá, inú ilé la máa ń sin àgbà sí. Ẹni tó bá ń gbẹ́ ahoro kiri, sàréè ló ń gbẹ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́ àti ohun tí kì í gbọ́. Ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀rọ tuntun lé ni pé ó lè kọ etí ikún sí irin, kó máa gbọ́ wúrà nìkan. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Ògún, irin ni ìtàn wa! Ìdàrọ́ tó kù níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ọkọ́ tó ti dógùn-ún, ọfà, ṣaworo: ìwọ̀nyí ni ẹ̀rọ pè ní pàǹtírí. Sẹ̀gi, owó ẹyọ àti àpáàdì kò tilẹ̀ dún rárá. Ẹni tó ń wá wúrà á fi ọkọ́ dà wọ́n nù láti dé ibi ohun tó dún. Bó bá dé ibẹ̀, ìdérí ìgò ni. Ìtàn ọdún igba ti bàjẹ́ nítorí ìdérí ìgò.

Ẹ má sọ pé àsọdùn ni. Ní 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò tìyanutìyanu lónìí. Kò sí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀ tó lè kọ bí wọ́n ṣe wà nínú ilẹ̀ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe dojú kọ ara wọn, àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan wà ní British Museum. Méjì dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá wọn padà ní 1950. Títí dòní, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń fi àwọn orí náà ṣe. Ilẹ̀ ìbá ti sọ fún wọn.

Ní oṣù kọkànlá 2021, gbogbo Bẹ̀nẹ̀ yọ̀ nígbà tí Faransé dá ohun ọlá 26 padà, èyí tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó ní Abomey ní 1892. A pariwo, a jó. Kí la máa wá sọ bí ọmọ wa bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú ti Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́, tó tà á fún àjèjì lójú títì?

Àwọn tó ń dá wa lóhùn

Ẹnì kan á ní, “Bí àwa kò bá gbẹ́ ẹ, àjèjì á gbẹ́ ẹ.” Èsì wa ni pé olè tó ń bọ̀ kò sọ olè inú ilé di olóòótọ́. Bí ẹ bá rí àjèjì tó gbé ẹ̀rọ lọ sí ahoro, ẹ sọ fún baálẹ̀, ẹ sọ fún ọba, ẹ sọ fún aláṣẹ.

Ẹlòmíràn á ní, “Àwọn Òyìnbó náà ń ṣe é.” Bẹ́ẹ̀ ni, lábẹ́ òfin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1996 ní kí ẹni tó bá rí ìṣúra kéde rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ọkùnrin méjì tó rí owó àti ohun ọ̀ṣọ́ ní Herefordshire ní 2015, tí wọ́n fi pamọ́, tí wọ́n ń tà á lẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n ló gbẹ̀yìn rẹ̀ ní 2019. Ní Faransé, láti 1989 ni òfin ti sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ awárin wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ ìjọba. Bẹ̀nẹ̀ náà ní òfin tó ń dáàbò bo ohun àjogúnbá, kò sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa hú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàṣẹ.

Ẹni kẹta á ní ebi ló ń pa òun. A gbọ́, a ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olówó gọbọi kì í ṣe oúnjẹ. Owó tó tó rà á tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ohun tí a ń béèrè

Ẹ máa ṣe eré yín. Etíkun wà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ òrùka àti owó nù. Oko yín wà, ìyẹn oko tí kì í ṣe ahoro. Ẹ bá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sínú koríko wá a. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, kí ẹ sì dí ihò tí ẹ bá gbẹ́.

Bí ohun àtijọ́ bá yọ, ẹ dáwọ́ dúró bí Eric Lawes. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má gbé e kúrò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sì ké sí àwọn àgbà àti àwọn aláṣẹ. Ní 1998, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà ní Bohicon, ihò ńlá ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Ibẹ̀ ló di Agongointo, tí àwọn èèyàn ń sanwó wọ̀ láti wo ilé abẹ́ ilẹ̀ àwọn ará àtijọ́. Èrè tó ń pẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ tuntun, kó rà á, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dé ẹ̀gbẹ́ odi baba wa. Ohun tó wà níbẹ̀ kò sọ nù rárá. A kàn fi pamọ́ síbẹ̀ ni.

Kí lẹ̀yin rí sí i? Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀, ẹ sì bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ire o.