Eré Ìje Mọ́tò Oníná: Pápá Ni Kó Wà, Kì í Ṣe Ìgboro



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tẹnu mi lórí eré ìje mọ́tò tí ń lo iná mànàmáná. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọdún 29 ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí, nítorí náà mo mọ ohun tí à ń pè ní títì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n gbé ìdíje ọkọ̀ ojú omi tí ń lo bátìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní E1, wá sí orí Ọ̀sà Èkó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje náà dé ilẹ̀ Áfíríkà, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sídìí ayò wa ti ń sọ pé ó ku ti mọ́tò, kí ìjọba ti títì pa, kí wọ́n gbé Formula E wá sí ìgboro. Ọ̀kan tilẹ̀ ní títì Adó sí Àkúrẹ́ yìí dára fún un. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, títì tó la àárín ìlú wa kọjá?”

Mo gbọ́ ẹjọ́ tiwọn o. Ọdún 2014 ni Formula E bẹ̀rẹ̀ ní Beijing ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Àwọn tó dá a sílẹ̀ fẹ́ kó máa wáyé láàárín ìlú ńlá, nítorí pé mọ́tò wọn kì í rú èéfín, kì í sì í pariwo bíi ti elépo. Wọ́n tún ní ará ìlú kò ní rìn jìnnà kó tó rí i wò. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò bá wọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò. Ní ọdún 1957, níbi ìdíje Mille Miglia tí wọ́n ń sá ní Ítálì lójú títì tí tẹrú tọmọ ń rìn, mọ́tò kan já wọ àárín òǹwòran. Òǹwòran 9 ló kú, 5 nínú wọn jẹ́ ọmọdé, àwọn 2 tó wà nínú mọ́tò náà sì bá a lọ. Bí wọ́n ṣe fòpin sí eré àsápajúdé Mille Miglia lójú títì nìyẹn.

Ẹnì kan á ní ìyẹn ti pẹ́, pé ògiri kọnkéré ni wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì báyìí. Ó dáa. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi tò ó, mélòó ni wọ́n máa fi tú u? Ní London, inú ọgbà ìgbafẹ́ Battersea ni wọ́n ti sá eré yìí ní 2015 àti 2016. Àwọn ará àdúgbò fárígá pé wọ́n ti ọgbà mọ́ àwọn, eré náà sì kúrò níbẹ̀. Bí ọgbà ìgbafẹ́ bá dá irú wàhálà yẹn sílẹ̀, ti ìyá tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì ńkọ́? Ta ló máa san owó ọjà rẹ̀ tó bà jẹ́?

Wọ́n ní mọ́tò náà kì í pariwo. Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo lọmọdé fi ń mọ̀ pé mọ́tò ń bọ̀! Nígbà tí mo ṣì ń wakọ̀, mo rí ọ̀dọ́ méjì tó ń fi mọ́tò bára wọn díje lẹ́yìn ìnáwó òkú kan. Ọ̀kan já wọ ìsọ̀ onítòmátì. Ọlọ́run yọ ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tiro dòní. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní eré làwọn ń ṣe. Irú eré wo ni ajá ń bá ẹkùn ṣe?

Ẹ tún wo ti owó. Hyderabad ní Íńdíà sá Formula E lójú títì ní 2023. Ìjọba mìíràn dé, ti 2024 kò sì wáyé mọ́. Cape Town náà sá a ní 2023, kò sí i ní 2024, kò sí i ní 2025. Lẹ́yìn ariwo ọjọ́ kan, kí ló ṣẹ́ kù fún ará ìlú?

N kò sọ pé kí ìjọba lọ kó owó wa sórí pápá ràgàjì o. Íńdíà yìí kan náà kọ́ ọ̀kan nítòsí Delhi, 2011 sí 2013 péré ni Formula 1 fi wá síbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ sáré mú owó tirẹ̀ wá, kó kọ́ pápá tó mọ níwọ̀n sẹ́yìn ìlú. Bí kò bá sí ìdíje, kí wọ́n máa fi kọ́ awakọ̀ níbẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ní Ìkẹ́rẹ́ máa dán mọ́tò tí wọ́n bá kàn wò níbẹ̀. Àwọn Formula E fúnra wọn ti ń kó lọ sí pápá: Portland ní Amẹ́ríkà ní 2023, Shanghai àti Misano ní 2024. Mọ́tò wọn ti yára ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ, títì ìlú ti há fún un.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti sọ tèmi. Kí àwọn tó wà níjọba gbọ́, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà má bínú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Awakọ̀ Tó Fẹ̀yìn Tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.