Ta Ni Yóò Sọ Ìtàn Ìdílé fún Àwọn Ọmọ Wa?

Ní kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi kan ní Ibafo, mo ní kí àwọn ọmọ mẹ́sàn-án dárúkọ bàbá tó bí bàbá wọn. Méjì péré ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn yòókù ní, “Gránpà Abẹ́òkúta ni, sà.” Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, orúkọ tó mọ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ yìí kan náà ló sì ka Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù láìkọsẹ̀.

N kò dá wọn lẹ́bi. Láti ìgbà tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1978, oríṣiríṣi ènìyàn ló ń wá ra ilẹ̀ ní Mowe àti Ibafo. Ní Ifọ, ojú irin ti ń kó àlejò wá ṣáájú ìgbà náà. A kọ́lé, a gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò bá wa wá. Bàbá ń jáde ní ìdájí nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, alẹ́ ni ó ń wọlé. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló kù, ilé ìjọsìn la sì ń lò ó sí. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ó yẹ kí ìjọ bá ìdílé gbé ẹrù yìí.

Àwọn òbí kan yóò fajú ro, pé orúkọ òrìṣà kún inú oríkì. N kò fojú tín-ín-rín ìbẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ó dé Sàró, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó gba orúkọ òyìnbó, síbẹ̀ kò sọ Àjàyí nù. Ní 1846, nígbà tó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún fojú kanra lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hánà. Ká ní ọmọ náà ti fi Òṣoògùn àti orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ pamọ́ ni, báwo ni ẹbí rẹ̀ ì bá ṣe dá a mọ̀?

Mátíù pàápàá fi ìtàn ìran bẹ̀rẹ̀, kò sì yọ Ráhábù kúrò níbẹ̀. Bí bàbá ńlá bá jẹ́ babaláwo, ẹ wí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Kí ẹ sì sọ ẹni tó kọ́kọ́ gba Jésù gbọ́ nínú ilé, àti ohun tó ná an. Nínú ilé tiwa, ìyá bàbá mi ni. Ọkọ rẹ̀ tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta lálẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì kan. Òun kan náà ló máa ń ki bàbá mi láàárọ̀ kí ó tó gbàdúrà fún un, n kò sì gbọ́ pé oríkì náà dí àdúrà lọ́nà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọmọ kan dìde sọ orúkọ àwọn òbí rẹ̀ àgbà, ìlú wọn, àti bí ìgbàgbọ́ ṣe wọ ilé wọn. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi fóònù pe ilé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí ẹ bá ń bọ̀ wá bá wa ṣe àjọ̀dún, ẹ mú àgbàlagbà kan dání.

Ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti pe Gránpà Abẹ́òkúta. Orúkọ mẹ́ta ni ó kọ sínú ìwé wá fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e; bàbá rẹ̀ ní òun kò gbọ́ ọ̀kan nínú wọn rí.