Kí A Tó Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì ní Houston: Ààbò Ni Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òwò láàárín ara wa, ilé títà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la sábà máa ń mẹ́nu bà. Lónìí, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ṣòro láti gbé ní Houston láìní ọkọ̀. Láti Alief dé àárín ìlú, láti Katy dé Pasadena, ọkọ̀ la ń wà lọ síbi iṣẹ́, òun la ń wà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fi ọkọ̀ jẹun, yálà a ń gbé èrò ni tàbí a ń kó ẹrù. Ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí, iṣẹ́ àtúnṣe kò lè wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí dunjú kò ní wá oúnjẹ tì. Àmọ́ èrò tèmi ni pé kí ọmọ wa kankan tó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ kó kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà àti ọ̀nà ààbò nílé ẹ̀kọ́, kí ẹgbẹ́ wa sì ràn án lọ́wọ́.

Nílé, a mọ bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ á lọ bá ọ̀gá, á máa gbé àpótí irinṣẹ́, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, títí dọjọ́ tí yóò gbòmìnira. Ètò yìí dára. Òun ló fún wa ní àwọn mẹkáníìkì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í kọ́ ọmọ iṣẹ́, ìyẹn ni bí yóò ṣe dáàbò bo ara rẹ̀. Sálúbàtà lọmọ ń wọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń fa bẹntiróòlù jáde nínú táǹkì. Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, a ó ní iṣẹ́ ọ̀tá ni.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè ni, kò wà fún kó máa gbé e dúró. Ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, kó fi nǹkan há àwọn táyà tó kù nílẹ̀, kó gbé ọkọ̀ lé orí ẹsẹ̀ irin tí a ṣe fún un, kó sì mì í wò kó tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Èéfín ọkọ̀ ní carbon monoxide nínú, gáàsì tí kò láwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú gáréèjì tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, á rò pé oorun ló ń kun òun, kò ní mọ̀ pé ikú ni. Bátìrì tí a ń chájì máa ń tú gáàsì hydrogen jáde, iná kékeré kan sì lè mú kó bú gbàù. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ tú wáyà ẹ̀gbẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kí sípánà má bàa tanná lára ọkọ̀. A kì í ṣí rèdíétọ̀ gbígbóná. A kì í da omi sí bẹntiróòlù tó ń jó, nítorí epo á léfòó lórí omi, iná á sì tàn kálẹ̀.

Ẹni tó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ọkọ̀ òde òní kì í ṣe Peugeot 504 ayé ọjọ́un. Bátìrì ńlá tó wà nínú ọkọ̀ bíi Toyota Prius ju 200 fólítì lọ, wáyà aláwọ̀ ọsàn la sì fi ń dá ọ̀nà iná náà mọ̀. Ẹni tí kò kọ́ bí a ṣe ń pa iná yìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ tún wo AC. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí afẹ́fẹ́, ní abala 609, sọ pé ẹni tó bá ń tún AC ọkọ̀ ṣe gba owó gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́, kó sì ní ìwé-ẹ̀rí. A kò sì gbọdọ̀ tú gáàsì rẹ̀ dà sínú afẹ́fẹ́. Nínú ooru Houston, ta ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù tí kò lè tún AC ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà tún ti le sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Texas ti fagi lé àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ tí a kì í fi ṣòwò. Ní àwọn káúńtì bíi Harris àti Fort Bend, àyẹ̀wò èéfín ló kù. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan wà tí òfin ní kó wo búrẹ́èkì, táyà àti iná ọkọ̀ wa lọ́dọọdún. Ní báyìí, bí mẹkáníìkì wa kò bá rí búrẹ́èkì tó ti jẹ tán, ó lè jẹ́ pé orí Highway 59 la ó ti mọ̀.

Àwọn kan á ní ìwé kọ́ ló ń tún ọkọ̀ ṣe, ọwọ́ ni, pé ẹ̀kọ́ yìí yóò gba owó àti àkókò. Òótọ́ ni pé ó ń gba owó. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iye tí ọsibítù ń gbà ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí ẹ bá sì gba òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, òfin ààbò iṣẹ́ ọdún 1970, tó dá OSHA sílẹ̀, ti dé yín lórí. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ òṣìṣẹ́ yín nípa kẹ́míkà tó ń lò. Bí ẹnikẹ́ni bá kú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó OSHA létí láàárín wákàtí 8. Bí wọ́n bá dá a dúró sí ọsibítù fún ìtọ́jú, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ gé, tàbí tó pàdánù ojú, wákàtí 24 ni. Àìmọ̀ kì í ṣe àwáwí níwájú òfin.

Ibi ẹ̀kọ́ kò jìnnà. Houston Community College ń kọ́ni níṣẹ́ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni San Jacinto College ní Pasadena. Lẹ́yìn náà ni ìwé-ẹ̀rí ASE, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972. Ìdánwò wà, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ náà sì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé lè dí apá kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yege láti A1 títí dé A8 ni wọ́n ń pè ní Master Technician. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ yanjú nílé, ìdánwò yìí kò kọjá agbára yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá ní ọkọ̀ lòun fẹ́ máa tún ṣe, ẹ má ṣe ní ó dójú tì yín. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí mo sì ń bẹ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa fún kò ju méjì lọ. Èkíní, bí a bá ń pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, kí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ní ìpín tirẹ̀ bíi ti ọmọ tó wà ní yunifásítì. Èkejì, kí a ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀, kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa tó ti gbàwé-ẹ̀rí kọ́ tọmọdé tàgbà bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè láìséwu, bí a ṣe ń mọ búrẹ́èkì àti táyà tó ti jẹ tán, àti bí a ṣe ń lo ohun èlò ìpaná.

Owó tí a bá rí lẹ́nu iṣẹ́, ara líle la fi ń ná an. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi iṣẹ́ òòjọ́ wa gbọgbẹ́ o. Àṣẹ.