Ta Ni Yóò Ra Ohun Tí Ilé Iṣẹ́ Náà Bá Ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mamini, Bouaké àti agbègbè wa gbogbo tí ẹ máa dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, bí àsìkò ìpolongo bá dé, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa gbọ́ títí etí yín yóò fi kún: "Ẹ dìbò fún mi, màá mú ilé iṣẹ́ ńlá wá síbí." Ní báyìí tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná láti inú afẹ́fẹ́ àti oòrùn, kò ní yà mí lẹ́nu bí olùdíje kan bá gun orí pèpéle tó sì ní òun yóò mú ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wá sí ẹkùn Gbêkê. N kò sọ pé irọ́ ni yóò jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ ìbéèrè tí ẹ máa bi í.

Iṣẹ́ wà nínú nǹkan yìí lóòótọ́. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ní òpó gíga àti ìyẹ́ mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ń yí. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń ká róbótó, tí wọ́n sì ń jó pọ̀ títí yóò fi di òpó. Ní ti ìyẹ́, aṣọ tí wọ́n fi okùn gíláàsì hun ni wọ́n ń tẹ́ léra wọn, tí wọ́n ń fi oje tí ń gan rin ín, ọwọ́ ènìyàn ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, tí àwọn ará ibí ń pè ní soudeur, lè rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀.

Àwọn kan rò pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ ni ilé iṣẹ́ ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Taiba N'Diaye ní Senegal, ẹ̀rọ 46 ló dúró, agbára gbogbo wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 158.7, Ààrẹ Macky Sall ló sì ṣí i ní February 2020. Vestas, ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Denmark, ló pèsè ẹ̀rọ náà. Ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn dé èbúté Dakar, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó wọ́ wọn lọ síbi tí wọ́n wà. Ní Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina, ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ 37 ló wà níbẹ̀, Vergnet ilẹ̀ Faransé ló ṣe wọ́n. Afẹ́fẹ́ wà níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ kò tẹ̀lé e wá.

Ẹ wá wo Tangier ní Morocco. Ní 2016, wọ́n yan ẹgbẹ́ Nareva, Enel àti Siemens fún iṣẹ́ oko afẹ́fẹ́ márùn-ún, mẹ́gáwáàtì 850 lápapọ̀. Wọn ò gbé e fún wọn lásán: ìjọba fẹ́ kí èyí tó pọ̀ nínú ohun èlò náà jẹ́ èyí tí a ṣe ní Morocco. Nígbà tó di October 2017, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìyẹ́ ṣí ní Tangier, ìyẹ́ tó gùn ju mítà 60 lọ. Owó tí wọ́n ná síbẹ̀ tó 100 mílíọ̀nù euro. Àdéhùn ọjà ló ṣáájú, ilé ló tẹ̀lé e. Èbúté ńlá sì wà nítòsí láti kó ọjà jáde.

Ti South Africa ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Láti 2011 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta iná afẹ́fẹ́ tàbí iná oòrùn fún òun ṣe ìpín kan nínú ohun èlò rẹ̀ nílé. Òfin yẹn ṣiṣẹ́. Ní 2014, ilé iṣẹ́ òpó méjì ṣí: ti DCD ní Coega, lẹ́bàá Port Elizabeth tí wọ́n ń pè ní Gqeberha báyìí, àti ti àwọn ará Spéìn kan ní Atlantis, nítòsí Cape Town. Lẹ́yìn náà ni Eskom, ilé iṣẹ́ iná tó jẹ́ ti ìjọba, kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn tuntun. Wọ́n ń fà á títí di April 2018 kí wọ́n tó fọwọ́ sí 27 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti pẹ́ jù fún Coega: DCD ti ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ òpó náà ní 2016, ọdún méjì péré lẹ́yìn tó ṣí. Ilé wà, irin wà, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ wà, ẹni tí yóò ra òpó ni kò sí. Àwọn ará ìlú yẹn kò ṣẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú wọn kò sì lè fi agbára mú Eskom. Ọ́fíìsì tó jìnnà sí wọn ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Àwa náà ní Bouaké mọ bí ilé iṣẹ́ ṣe ń wá àti bó ṣe ń lọ. Láti àwọn ọdún 1920 ni Gonfreville ti ń hun aṣọ níbí. Owú wà nítòsí, ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú láti 1912, ọjà sì wà. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 19 September 2002, tó pín orílẹ̀-èdè sí méjì, ló dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, wọ́n á sọ fún yín.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Láti Bouaké dé èbúté Abidjan jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 350. Ẹni tó bá ṣèlérí ilé iṣẹ́ ìyẹ́ fún Mamini, ẹ rọra bi í bí yóò ṣe yí ìyẹ́ mítà 60 ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n àkàbà tí wọ́n ń gùn nínú òpó, àpótí iná, bóòtù, àti férémù irin tí wọ́n ń to pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lé, gbogbo ìyẹn lè wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Ti oòrùn gan-an ló sún mọ́ wa jù. Ní Boundiali, ní àríwá, wọ́n ti kọ́ ibùdó iná oòrùn tí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 37.5. Ní tèmi, olùdíje tó bá sọ̀rọ̀ férémù irin yé mi ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìyẹ́ lọ.

Ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bi ní kí ni. Òfin 7 July 2003 gbé iṣẹ́ bí ojú ọ̀nà, ètò ilẹ̀ àti ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ lé ìgbìmọ̀ ẹkùn àti mairie lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n pé: ilẹ̀ wo? Ta ló ni ín, èló lẹ máa san fún un? Níbo ni ọmọ wa yóò ti kọ́ṣẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ṣí? Ṣùgbọ́n wọn kò lè fọwọ́ sí àdéhùn iná ńlá, ìjọba orílẹ̀-èdè ló ni ìyẹn. Ẹni tó ń du ipò député ni kí ẹ bi bóyá yóò gbè sẹ́yìn òfin tí yóò ní kí wọ́n ṣe ìpín kan nílé, àti bóyá iṣẹ́ tí ìjọba ń gbé síta yóò máa wá lọ́dọọdún tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá. Olùdíje tó bá dá gbogbo rẹ̀ gbé sí orí ara rẹ̀, ẹ fura sí i.

Ohun kan tún wà fún àwọn ọmọ ilé Yorùbá. Ní 1990, wọ́n gba àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń gbé níbí láàyè láti dìbò. Òfin ìdìbò 1994 fi òpin sí i, ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló kù. Nínú ilé tí bàbá àti ìyá ti wá láti Èjìgbò, ó lè jẹ́ ìwọ nìkan lo lè dìbò, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé ni yóò máa wá iṣẹ́. Bí o bá ti pé ọdún 18, tí o sì ní ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, lọ wò ó bóyá orúkọ rẹ wà nínú ìwé olùdìbò.

Ìbò ìgbìmọ̀ ẹkùn àti ti mairie wáyé ní 2 September 2023, ọdún márùn-ún sì ni sáà wọn. Níbi ìpàdé ìpolongo, ẹ gba aṣọ tí wọ́n bá pín bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ nawọ́ sókè, ẹ béèrè ní Faransé, Baoulé tàbí Dioula: ta ni yóò ra ohun tí ilé iṣẹ́ náà bá ṣe, fún ọdún mélòó? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ìdìbò yín.