Ta ni yóò ṣe oògùn tó wẹ́kú ọmọ Ìgbòho?

Ọmọ kílò 13 tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní Ìgbòho kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàlagbà nídìí oògùn. Bí dókítà bá ní kó máa lo hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora àìsàn náà kù, bó ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tí yóò lò. Bó bá jẹ́ mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan, 260 ni ti òòjọ́ rẹ̀. Kápúsù oní-500 ló sì sábà máa ń wà lọ́jà. Kí ni ìyá ọmọ fẹ́ ṣe? Bó bá tú u sínú omi, ojú ló máa fi wọ̀n ọ́n. Bó bá ń fún un lọ́jọ́ kan, tó ń fo ọjọ́ kejì, ìyẹn náà kì í ṣe ohun tí dókítà kọ. Yàtọ̀ sí èyí, kò yẹ kí aláboyún fọwọ́ kan ìyẹ̀fun oògùn yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ lè wà nínú oyún.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan nìyí o, ọjà ni. Nǹkan bíi ọmọ 150,000 ni wọ́n fojú bù pé wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ tó lè ṣe é ti wà. Lọ́dún 2015 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Spritam, oògùn wárápá, tó jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀, ṣùgbọ́n ti gbogbo ayé nìyẹn, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti FabRx, iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Wọ́n á po oògùn bí ẹ̀kọ tútù, wọ́n á rọ ọ́ sínú ike bíi ti abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á wá máa tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìgbà téèyàn ń tẹ ọṣẹ ìfọyín. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ bí hóró kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tóbi tó. Ní Spain, wọ́n ti fi irú rẹ̀ ṣe oògùn fún ọmọ 4 ní ilé ìwòsàn kan ní Santiago de Compostela. Ọdún 2019 ni àbájáde rẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìgbòho lónìí, owó ló fẹ́ fi ṣòfò. Iná kò ṣeé gbára lé, àwọn ọmọ tí yóò lò ó níbẹ̀ kò sì lè pọ̀ tó láti dá owó ẹ̀rọ padà. UCH, Ìbàdàn, ló tọ́ sí. Oògùn oṣù kan ọmọ kan kò lè gbàyè ju páálí ìṣáná díẹ̀ lọ, ọkọ̀ tó ń ná Ìbàdàn sí Òkè-Ògùn á gbé e délé.

Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rọ yóò ti máa rí oògùn tó ti pò sílẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni òwò wà. Iléeṣẹ́ Bond Chemical ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, mọ hydroxyurea ṣe. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa po ó, kó sì máa tà á fún àwọn ilé ìwòsàn. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, kí hóró kéékèèké oní-100 kún inú kẹ́míìsì Òkè-Ògùn ná. Ìyẹn kò nílò ẹ̀rọ tuntun kankan.

Òfin ló kù. Láti oṣù keje ọdún 2025 ni òfin Bìrìtìkó ti fàyè gba kí wọ́n ṣe oògùn níbi tí aláìsàn ti ń gbàtọ́jú, lábẹ́ ìṣọ́ ìjọba. Ní ti NAFDAC, oògùn tí iléeṣẹ́ ṣe ní ìwọ̀n kan pàtó ló ń forúkọ sílẹ̀. Bí hóró tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn bá lágbára jù, ṣé ilé ìwòsàn ni yóò dáhùn ni, àbí ẹni tó po oògùn? Títí NAFDAC yóò fi kọ ìdáhùn ìyẹn sílẹ̀, kò sí olówó kan tí yóò tú àpò rẹ̀ sílẹ̀.